Ẹni Tó Ń San Gbèsè Ilé Kò Jẹ Ẹnikẹ́ni Ní Aṣọ Ẹbí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó àkókò kí á sọ ọ́ síta. A ti sọ ọ́ tó lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé nígbà ìsinmi, igi máńgòrò kò dá wa lóhùn.

Àwọn kan ń bú àwa olùkọ́. Wọ́n ní a ti sọ ara wa di aláìnítìjú. Wọ́n ní kí ni ẹni tí ìjọba ń san owó oṣù fún ń wá nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ọjọ́ Sátidé? Wọ́n rí ìyàwó olùkọ́ tó gbé igbá gaàrí rù, wọ́n ń fi ẹnu tọ́ ọ pé ìyàwó mẹ́tìrì nìyẹn o, ẹ wá wò ó! Wọ́n rí olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ mẹ́ta mẹ́rin ní ìṣirò nílé lálẹ́, wọ́n ní ojúkòkòrò ni. Àwọn kan náà yìí, bí òkú bá sùn nínú ẹbí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Wọn ò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, wọn ò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ni, torí pé "owó oṣù rẹ̀ dájú."

Ó dájú lóòótọ́. Bánkì náà mọ̀ pé ó dájú, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ ń mú tirẹ̀ kí àwa tó fojú kàn án.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà níbí, lójú gbogbo ènìyàn, torí ọ̀pọ̀ tó ń bú wa kò tíì ṣe é rí. Ká ní olùkọ́ kan ń gba 200 000 fráǹkì lóṣù. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe owó lágbájá. Ó yá 5 000 000 láti fi kọ́ yàrá méjì àti pálọ̀ kan, ní èlé 9% lọ́dún, ó sì ní ọdún 7 láti fi san án. Oṣooṣù, fún oṣù 84, bánkì yóò yọ nǹkan bí 80 445 fráǹkì. Ẹ rántí pé owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní Benin láti oṣù January 2023 jẹ́ 52 000. Ìyẹn ni pé owó tí ọkùnrin yìí ń san fún ilé nìkan ju gbogbo owó oṣù ẹlòmíràn lọ. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 119 555.

Nínú èyí, oúnjẹ ilé ní 2 000 lójúmọ́ jẹ́ 60 000, ẹni tó bá sì ti lọ ra ata àti ẹja lọ́jà láìpẹ́ yìí mọ̀ pé 2 000 fún ènìyàn mẹ́fà kì í ṣe àsè. Iná, omi àti èédú, 15 000. Epo kpayo tí yóò gbé alùpùpù rẹ̀ dé ilé-ìwé abúlé tí wọ́n rán an lọ, 12 000. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti owó tí wọ́n fi ń ra nǹkan jẹ ní ìsinmi, 15 000. Ó ku 17 555. Kò tíì sí àìsàn níbẹ̀. Kò tíì sí táyà tó bẹ́. Kò tíì sí ìyá àgbà tó fẹ́ lọ wo ojú nílé ìwòsàn. Ìgbà yìí gan-an ni foonu dún láti ilé pé wọ́n ti mú aṣọ fún ìsìnkú bàbá lágbájá, 15 000 ni, owó ẹbí 50 000 sì wà lọ́tọ̀, kí ó má sì gbàgbé pé ọ̀mọ̀wé ni òun.

Níbo ni yóò ti rí i? A mọ ibi tó máa ń lọ. Á padà sí bánkì.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ibí yìí ni wọ́n ti ń jẹ wá. Lẹ́yìn ọdún 3, olùkọ́ wa yìí ti san nǹkan bí 2 896 000 fráǹkì. Ó rò pé òun ti kọjá ìdajì. Rárá o. Ohun tó ṣì jẹ jẹ́ nǹkan bí 3 233 000, torí èlé pọ̀ nínú owó tí wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun á pè é láti bánkì, ohùn rẹ̀ á dùn bí oyin: "Monsieur, a lè fún yín ní 1 767 000 lónìí, owó tí à ń yọ lóṣù kò sì ní yí padà rárá." Kò purọ́. Owó oṣooṣù kò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé oṣù 84 tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ẹ ro ó: oṣù 36 tó ti san àti oṣù 84 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà jẹ́ oṣù 120, ọdún mẹ́wàá gbáko. Yóò san 9 653 400 lápapọ̀ lórí owó tí gbogbo rẹ̀ kò ju 6 767 000 lọ. Èlé tó yẹ kó jẹ́ 1 757 000 ti di 2 886 000. Kí ló fi ṣe? Ó fi sin òkú. Àwọn tó jẹ màlúù náà ti gbàgbé adùn rẹ̀.

Àwọn bàbá wa mọ nǹkan yìí, wọ́n sì ní orúkọ fún un. Ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀fà á máa ṣiṣẹ́ nínú oko olówó, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, owó tí wọ́n yá gan-an kò ní dín kọ́bọ̀ kan títí ẹbí yóò fi kó o wá. Ẹni tí bánkì ń tún owó fún ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí ni ó fi yàtọ̀ sí ìwọ̀fà? Ó wọ bàtà, ó sì gbọ́ Faransé. Ìyẹn ni ìyàtọ̀.

A gbọ́ èsì tí àwọn àgbà máa fún wa, èsì náà sì lágbára, a kò ní fi ọwọ́ gbá a dànù. Wọ́n á ní: "Ta ló sanwó ilé-ìwé rẹ? Ṣé kì í ṣe ẹbí? Bàbá tó kú yìí, ṣé kì í ṣe òun ló ta àgbàdo rẹ̀ kí o lè lọ kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ ẹbí rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ara wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè nǹkan kan. Bàbá yìí, nígbà tó ń ṣàìsàn, ta ló dá 50 000 fún oògùn? A ṣàìrí ẹni tó mú aṣọ wá nígbà náà. Kò sí ìlù, kò sí bâche, kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ẹbí tó lè kó owó tó tó ra màlúù jọ ní ọjọ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tí kò lè kó owó oògùn jọ ní oṣù mẹ́jọ, ẹbí náà ní ohun tó yẹ kó rò. Òkú kì í wọ aṣọ ẹbí.

Ohun tí à ń sọ ni pé kí owó ẹbí ní iye, kí iye náà sì wà nínú ìṣirò oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iná ti wà. Bí ó bá jẹ́ 5 000, kí ó jẹ́ 5 000, kí olùkọ́ máa fi pamọ́ lóṣooṣù, bóyá òkú wà tàbí kò sí. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé, ohun tó wà nínú àpò náà ni yóò mú wá, yóò sì gbé orí rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá ní kò tó, kí ó lọ fi tirẹ̀ kún un. Àwọn àgbà náà ló sọ pé ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. A kò gbọ́ pé wọ́n yọ ọmọ ìwé kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ wa náà, ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ yín kù. Báwo ni ìyàwó yóò ṣe mọ bí a ti ń náwó bí kò bá mọ̀ pé gbèsè wà? A mọ àwọn ilé tí ìyàwó rò pé ọkọ òun ń gba 200 000 délé lóṣooṣù, tó sì gbà pé ahun ni, tàbí pé ó ní obìnrin mìíràn ní Kútọnu. Bánkì mọ̀, akọ̀wé ilé-ìwé mọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń mu sódábì mọ̀. Obìnrin tó ń se ọbẹ̀ nìkan ni kò mọ̀. Ẹ mú ìwé gbèsè náà jáde, ẹ fi hàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òun ló máa rí ibi tí owó ti ń jò, torí òun ló ń lọ sọ́jà.

Ní ti iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń bú wa, a ò ní tọrọ gáfárà. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, bí a bá ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹ tún padà sí ìṣirò wa. Bí olùkọ́ yẹn bá rí 10 000 péré fi kún owó bánkì lóṣooṣù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí bánkì sì gbà á láìgba owó ìtanràn, gbèsè oṣù 84 yóò parí ní nǹkan bí oṣù 72. Ọdún kan ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, nǹkan bí 275 000 fráǹkì ti bọ́ lọ́wọ́ èlé. 10 000! Àpò gaàrí díẹ̀ ni. Ọmọ mẹ́ta tí à ń kọ́ lálẹ́ ni. Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní ìtìjú? (Ẹ bi bánkì léèrè nípa owó ìtanràn yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé o. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i tán, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn.)

Àwa tí a wà ní Kétu, ilẹ̀ wa ń so àgbàdo. Ní oṣù August, nígbà tí ìkórè bá pọ̀, gbogbo ènìyàn ló ń tà, ó sì ń pọ́n lójú. Ní April àti May, àwọn kan náà ló ń wá a kiri. Ẹni tó bá ra àpò mẹ́wàá, tó sá a gbẹ dáadáa, tó sì tọ́jú rẹ̀, ó ti ṣe iṣẹ́ tí kò gba àkókò kíláàsì kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn òwú sí àgbàdo tí ènìyàn máa jẹ. Owó tó bá ti ibẹ̀ wá, májèlé ni. Ní Ṣábẹ àti Ìdásà, kajú wà, láti February ni wọ́n ti ń ṣà á. Ẹ̀gẹ́ wà níbi gbogbo, àwọn ìyàwó wa sì mọ gaàrí yan ju ẹni tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín lọ. Ẹni tí kò ní ilẹ̀, kí ó kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nílé, kí ó máa lọ ṣe àtúnyẹ̀wò ìwé ìdánwò CEP tàbí BEPC nígbà tí wọ́n bá pè é. Ohun kan ni a kórìíra níbẹ̀: olùkọ́ tó ń fi ẹ̀kọ́ pamọ́ ní kíláàsì kí àwọn ọmọ lè wá sanwó gbọ́ ọ nílé. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn, olè ni, a kò sì ní gbè é.

Òwò ìkọjá bodè ńkọ́? A kì í ṣe àlejò sí i, ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ní August 2019, Nàìjíríà ti bodè rẹ̀, a sì di December 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Oṣù mẹ́rìndínlógún ni, bánkì kò fo oṣù kan nínú rẹ̀. Láti June 2023 tí wọ́n ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa dá iye lé e, ẹni tó ń ta tòmátì sí Èkó rí i pé owó tó ń mú bọ̀ wálé ń yọ́ bí yìnyín. Fráǹkì ni bánkì ń gbà. Ẹ má fi gbèsè fráǹkì sórí èrè náírà.

Ẹ sì jìnnà sí owó tó ń yára. Ṣé a ti gbàgbé 2010 ni? ICC Services gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Benin, wọ́n ṣèlérí èlé tí kò sí ọjà kankan láyé tó lè mú un wá, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Olùkọ́ wà níbẹ̀, ọlọ́jà wà níbẹ̀, àwọn tó ta ilẹ̀ ẹbí fi sí i wà níbẹ̀. Lónìí orí foonu ni wọ́n ti ń pè wá, orúkọ rẹ̀ yí padà, owó orí ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sọ fún yín pé 100 000 yóò di 200 000 ní oṣù mẹ́ta, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi lọ yá owó ní bánkì fi ṣe é fún ara rẹ̀. Èsúsú àti àjọ wa kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ rí. Alájọ ń gba owó ọjọ́ kan nínú oṣù, gbogbo ènìyàn sì mọ̀: ẹni tó ń dá 500 lójúmọ́, 500 ni owó iṣẹ́ alájọ. Èsúsú kò bí èlé, ṣùgbọ́n owó rẹ dé ọwọ́ rẹ lódindi, o lè fi ra páànù kí o tó ná an.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀, èyí tó jẹ́ pé òun ló fà á tí gbèsè wa fi kúrú, tó sì fi wúwo. Nílùú òyìnbó, wọ́n ń fi ilé fúnra rẹ̀ dúró, wọ́n sì ń san án fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ wa, owó oṣù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń dúró, torí a kò ní titre foncier tí bánkì lè gbà. Ọdún márùn-ún, ọdún méje, ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹrù ọdún ogún ni wọ́n dì sínú ọdún méje náà. Láti 2010 ni ilé-iṣẹ́ kan ti wà ní Lomé, CRRH-UEMOA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá owó ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún àwọn bánkì kí wọ́n lè yá ènìyàn fún ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ tó pé ni irú owó bẹ́ẹ̀ ń wá. Òfin ilẹ̀ Benin ti 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, ti là á pé titre foncier ni ẹ̀rí ẹni tó ni ilẹ̀. Convention de vente tí olóyè àdúgbò fọwọ́ sí kò tó. Síbẹ̀, àwọn ẹbí kan ṣì ń ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn mẹ́ta, wọ́n á sì tún wá sọ fún olùkọ́ pé kò bọ̀wọ̀ fún àṣà. Kí ẹ tó fi bíríkì kan lé òmíràn, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ANDF, ẹ béèrè bí ilẹ̀ yẹn ti jẹ́.

Nígbà tí ẹ bá sì dé bánkì, ẹ má ṣe wo owó oṣooṣù nìkan. Ẹ béèrè TEG, iye èlé tí wọ́n ti ka gbogbo owó ìwé àti owó mìíràn mọ́. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó ń ná fráǹkì UEMOA, òfin ti fi òpin sí i, fún bánkì àti fún àwọn ilé-iṣẹ́ owó kéékèèké. Faransé ni wọ́n kọ ìwé náà, ìwé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ní lẹ́tà tín-ín-rín. Àwa la ń kọ́ ọmọ ní Faransé, ẹ jẹ́ ká kà á. Kí á sì kà á fún àwọn ará wa tí kò gbọ́ ọ, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá wa lóhùn, ààyè wà nísàlẹ̀ níbí. Kí ó mú ìṣirò tirẹ̀ wá, kí ó sì jẹ́ ká rí ibi tí 50 000 ti máa jáde láti inú 17 555. Èébú nìkan, a ti gbọ́ tó. Sátidé tó ń bọ̀, oko ẹ̀gẹ́ ni a ó wà láti aago mẹ́fà àárọ̀, ẹni tó bá fẹ́ wá rẹ́rìn-ín kí ó rántí mú ọkọ́ dání.